Orúkọ Bọ̀dá Oyèkànmí Ti Wọ Ìwé Ìsìnkú

Bàbá Ọmọ́yẹni,

Ẹ má bínú pé mo ti jáde. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti fẹ́ máa tẹ ìwé ìsìnkú Màmá ní Ìyànà Ìbà kí Ọmọ́yẹni tó rí i pé wọ́n ti gbàgbé orúkọ ẹ̀gbọ́n yín, olóògbé Oyèkànmí. Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà ní, "Kò sáàyè mọ́." Ọmọ yín ní, "Ẹ jẹ́ n jókòó, sà." Ó ya àpótí kékeré kan tí wọ́n ń kọ̀rọ̀ sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Màmá lójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ orúkọ náà sínú ẹ̀, ó sì yọ ìlà tó yí i ká. Àfi bíi pé ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀! Ẹnu ya ọ̀gá yẹn.

Ẹ̀dà kan nínú ìwé ìsìnkú náà wà lábẹ́ lẹ́tà yìí. Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Ẹ kọ́kọ́ jẹun kẹ́ ẹ tó wò ó o, torí mo mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ràn Bọ̀dá Oyèkànmí tó.

Ìyá Ọmọ́yẹni