Jíìpù Kékeré Tí Kò Fẹ́ Lọ sí Èkó

Pobè, ọjọ́ Àlàrùba

Àkànbí ọmọ mi, Mùílíù mi,

Àsàlámù aléékùn. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ará ilé yín ní Gbégamey ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gba ọkọ̀ jáde ní pọ́ọ̀tù ńkọ́? Oòrùn etíkun kò ní pa ọ́, ẹrù kò ní já lé ọ lórí, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ kí ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ tó lóyún nígbà tí o wá ti bí mẹ́ta, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún òsì mi sì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, kò burú sí i, kò sì san.

Kí o tó ka èyí tó kù, mo bẹ̀ ọ́, má fi ìwé mi rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyí. O mọ̀ pé ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní ilé ìwé àwọn àgbà, àti pé Àánúolúwapọ̀, ọmọbìnrin kékeré tó ń kọ́ wa, máa ń sọ pé mo ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó ní kí n kàn máa kọ ọ́ lọ. Mo ti kọ méjì ṣáájú èyí, mo sì ti ya méjèèjì, màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ tó bá yá. Ǹ bá fi fóònù sọ ọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tó wà nínú fóònù yẹn kì í jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí mo bá ti tẹ nọ́ńbà rẹ báyìí, òun ló máa ń gbé e, á máa sọ Faransé. Mo máa ń kí i, mo máa ń bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn rí, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò tún wí. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíìpù tí o gbé wá ni mo fẹ́ sọ. O ní kí n wà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. O ní Alájì kan ń bọ̀ láti Èkó ní ọjọ́ Jímọ̀ yìí tí yóò rà á, àfi bí mo bá sọ pé ó tẹ́ mi lọ́rùn, nígbà náà yóò di tèmi. O sì ní òótọ́ ni kí n sọ, torí o mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń wa ọkọ̀ kó kàn ṣáà dé ibi tó ń lọ, wíwà rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa báṣé rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ yẹn, tí mo ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ kó ọsàn láti Pobè lọ sí Kutonu, tí àwọn ènìyàn ti ń mọ ìró mi kí wọ́n tó rí mi. Oṣù méje ni orúnkún yìí ti lé mi kúrò lórí rẹ̀, torí ẹsẹ̀ òsì kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìgbà náà ni mo wọ ilé ìwé. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni pé mo máa ń lọ jókòó sínú báṣé ní àárọ̀ láìṣí i, kí n kàn di sítíárìn rẹ̀ mú.

Nítorí náà, ohun tí o bi mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí mo bá sọ pé rárá, mo ti wa ọkọ̀ tán láyé mi nìyẹn. Bí mo bá sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí kò dùn mọ́ mi, mo ti parọ́ fún ọmọ mi. Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà mí.

Nígbà tí o gbé e wọlé, mo rò pé jíìpù ńlá kan ni wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ tó wá súnkì. Hàwáù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àga pálọ̀ ni wọ́n fi táyà sí lẹ́sẹ̀. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ọmọ mi ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí o lọ tán tí mo wo ìsàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ń gbé, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, méjì péré ni mo rí níbi tí mẹ́ta yẹ kó wà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti jí ọ̀kan yọ ní pọ́ọ̀tù. Mi ò fẹ́ kí ojú tì ọ́, ni mo bá ní kí Òjó mẹkáníìkì wá bá mi fi òmíràn sí i ní bòókẹ́lẹ́. Òjó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Ìyá Mùílíù, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kò ní kílọ́ọ̀ṣì, nítorí orúnkún yín ni ọmọ yín ṣe wá irú rẹ̀. Mo wọlé lọ, mo sunkún díẹ̀. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ àwọn ará pọ́ọ̀tù, mo ti pè wọ́n ní olè.

Òjó ti lọ kí n tó rántí pé mi ò bi í léèrè jíà. Mo wò ó, mo rí lẹ́tà mẹ́rin: P, R, N, D. Inú mi dùn, torí mo mọ gbogbo wọn. Mo ní P ni padà, R ni rìn, N ni ní sùúrù, D ni dúró. Mo ṣe Bísímílà, mo fi sí R kí a máa rìn. Tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú bá tàn, mo sì rí àgbàlá kan tó jọ tiwa gan-an, pẹ̀lú adìẹ àti ìkòkò omi bíi tèmi. Mo pe Hàwáù kó wá wo Pobè lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìkòkò náà ń tóbi sí i, ó ń tóbi sí i, ó di gbì! Ìkòkò omi mi fọ́. Mo yára fi sí D kó lè dúró, ọkọ̀ bá fò síwájú, iwájú igbá gàrí Hàwáù ni mo ti tẹ bíréèkì. Hàwáù ní bí àga pálọ̀ bá fẹ́ pa òun, kó kọ́kọ́ ra gàrí ná. Ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan, àfi ìlà kékeré kan lẹ́yìn. Àánúolúwapọ̀ wá sọ fún mi pé Òyìnbó ló kọ àwọn lẹ́tà yẹn, D ni kó máa lọ, R ni kó padà sẹ́yìn. Ojú tì mí gidigidi. Mo ní bóyá ìwé yìí kò tiẹ̀ yé mi rárá.

Ọjọ́ kejì, èmi àti Hàwáù wà á lọ sí ọ̀nà Kétu. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí títì ni mo gbọ́ ohùn kan, obìnrin inú fóònù ni! Òun náà ló wà nínú ọkọ̀. Faransé rẹ̀ náà ni. Mo kí i, mo ní kó má bínú sí mi mọ́. Hàwáù ní bóyá òun ló ni ọkọ̀. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé ilé, kò bèèrè omi.

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, Àkànbí. Ọjọ́ yẹn, kò dùn mọ́ mi. Báṣé bàbá rẹ, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ló máa ń sọ fún ọwọ́ mi, bí a bá sì fẹ́ gun òkè, èmi àti òun la jọ ń gùn ún. Eléyìí, mo tẹ tọ́rótù kó sáré, ó kọ́kọ́ rò ó ná. Ó tutù, ó rọ̀, ó ń rùn bíi bàtà tuntun, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé mi, èmi kọ́ ni mò ń wà á. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ń bá mi jẹ oúnjẹ ẹnu mi. Mo délé, mo kọ lẹ́tà pé kí o tà á fún Alájì, mo ya á, torí mo rántí pé o wá a nítorí orúnkún mi. Mo kọ òmíràn pé ó dùn gan-an, mo ya ìyẹn náà, torí irọ́ ni.

Àná, ọjọ́ Àtàláátà, mo lọ jókòó sínú rẹ̀ ní àárọ̀ bí mo ti máa ń jókòó sínú báṣé. Ìgbà náà ni mo rí ọ̀rọ̀ kan tó tàn ní àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. E, C, O. Ọ̀rọ̀ odindi ni, kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo. C yẹn ló dà mí láàmú, torí kò sí nínú ábídí wa. Mo wá rántí aṣọ iṣẹ́ rẹ, aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán, èyí tí o gbàgbé sórí okùn, tí wọ́n kọ PORT DE COTONOU sí lẹ́yìn. Aṣọ yẹn ni Àánúolúwapọ̀ fi kọ́ mi pé C tí àwọn Faransé fi bẹ̀rẹ̀ Kutonu, K tiwa ni. Ó dáa, E, K, O. Èkó! Àkànbí, èmi nìkan ni mo kà á, ẹnikẹ́ni kò ràn mí lọ́wọ́.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Nítorí Alájì tó ń bọ̀ wá rà á, ọ̀nà Èkó ni wọ́n fi ọkọ̀ yìí sí, àwa wá kọjú rẹ̀ sí Kétu. Báwo ni yóò ṣe sáré? Èmi gan-an, bí wọ́n bá ní kí n lọ sí Èkó, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lẹ́nubodè, ṣé tayọ̀tayọ̀ ni màá fi lọ? Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo rí òmíràn: SPORT. Mo tẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ sórí itan, mo fi ìka tọ lẹ́tà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. P, O, R, T, ọ̀kan náà ni. S ló ṣẹ́ kù níwájú. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé “sí” ni, àyè ni kò gbà wọ́n láti kọ ọ́ tán. Sí pọ́ọ̀tù! Àwọn Òyìnbó yìí gbọ́n o. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ wọn ní lọ́dọ̀ wa, kó lọ sí Èkó tàbí kó padà sí pọ́ọ̀tù. Mi ò bi Àánúolúwapọ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí pé yóò tún sọ pé mo ṣì í kà.

Mo pe Hàwáù, a kọjú sí Ṣakété, torí ọ̀hún ni ọ̀nà pọ́ọ̀tù, mo sì tẹ ọ̀rọ̀ SPORT náà. Ọmọ mi! Ọkọ̀ náà dún bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lókèèrè. Sítíárìn di líle lọ́wọ́ mi. Mo kàn fi ẹsẹ̀ kan tọ́rótù, ó ti lọ, kò rò ó mọ́. Níbi tí ọ̀nà ti ń yí, mo yí i sósì, ó yí, mo yí i sọ́tùn-ún, ó yí, kò fì bíi báṣé, ó dúró bí ẹni tó fi èékánná di ọ̀dà mú. Orúnkún mi kò wí nǹkan kan. Mo tiẹ̀ gbàgbé pé mo ní orúnkún. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé obìnrin inú fóònù ni, àṣé èmi ni. Hàwáù di ilẹ̀kùn mú, ó ń ké Láìláà. Nígbà tí mo dúró, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní ṣé a ti dé Ṣakété náà nìyẹn, òun rò pé ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ṣé àga pálọ̀ ni? Ó ní kí n fi òun sílẹ̀ jàre, kí n yí orí rẹ̀ padà ká tún un lọ.

O mọ̀ mí, mo tún ṣiyèméjì. Mo ní ṣé ọkọ̀ yìí ló dùn ni, àbí torí pé orúnkún mi kò lè wa òmíràn? Ni mo bá tún lọ jókòó sínú báṣé láàárọ̀ yìí, mo ní kí n dá ẹjọ́ náà dáadáa. Eléyìí kò lè gbé ju agbọ̀n ọsàn mẹ́fà lọ. Ó ń ké tí-tí-tí bí ọmọ tí ebi ń pa. Àga rẹ̀ máa ń ṣàdédé gbóná, mo ti lo oògùn ibà kí Òjó tó wá bá mi pa á. Kò sì sí ọkọ̀ tó mọ ọwọ́ mi bíi báṣé. Ṣùgbọ́n báṣé, mo wà á kí ẹ lè jẹun. Eléyìí, mo wà á lánàá torí pé ó wù mí. Mi ò tíì wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ kọ́ mi.

Ìwé tí o mú wá láti ibi iṣẹ́ yín, tí wọ́n ya ojú márùn-ún sí, láti orí ẹni tó ń sunkún dé orí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tí o ní kí n fàlà sí ọ̀kan, mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe. Mo gbàdúrà fún èyí tó ń sunkún. Àánúolúwapọ̀ ní bí ọkọ̀ ṣe tẹ́ mi lọ́rùn tó ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Mi ò fàlà sí ojú ẹnikẹ́ni, kò dára. Mo ya ojú tèmi sí ìparí wọn, pẹ̀lú gèlè. Ẹnu rẹ̀ ló gba gbogbo ojú.

Nítorí náà, bá mi sọ fún Alájì kó má bínú. Sọ fún un pé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀, kò fẹ́ lọ sí Èkó, mo ti dán an wò. Olúwatóbi onítakisí ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la, ṣáájú Jímọ̀. Má sì jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé báṣé, Hàwáù fẹ́ máa ta gàrí nínú rẹ̀, èmi náà á sì ráyè máa jókòó síbẹ̀. Fi owó epo díẹ̀ lé Olúwatóbi lọ́wọ́, torí sí pọ́ọ̀tù yìí ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, kí o sì fi ti ìkòkò omi kún un.

Ọjọ́ Àìkú ni mò ń bọ̀, èmi fúnra mi, kì í ṣe pé wọ́n gbé mi wá. Dúró dè mí ní Ekpè, kí n tó wọ Kutonu, létí títì. Níwájú ilé wa níbí ni màá ti tẹ “sí pọ́ọ̀tù” náà, mi ò sì ní pa á títí màá fi rí ọ. Mo mọ ìdí tí ọkọ̀ yẹn fi ń sáré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti dárúkọ pọ́ọ̀tù fún un. Èmi náà, ibẹ̀ ni ọmọ mi wà.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí o ro ti orúnkún ìyá rẹ yóò jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà ro tìrẹ. Ibi tí o bá kọjú sí, yóò ṣí. Àmín.

Mò ń mú aṣọ iṣẹ́ rẹ bọ̀. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti kà á tán.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rasidat