Ẹ Bá Mi Sọ fún Dàda Kí Ó Jẹ́ Kí Ìyá Rìn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ìyá kò rìn mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún kíkọ gbólóhùn yìí sí yín. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni mo ti mọ̀, mo kàn ń tan ara mi pé bí ọyẹ́ bá kọjá, orúnkún rẹ̀ á tú. Kò tú. Ẹ má bínú pé mo fi pamọ́ fún yín.

Kì í ṣe àìsàn ló ṣe é. Ọlá ni. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, bí a bá ti ṣe òkú bàbá tán, àkọ́bí á gba ọkọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, á fi kọ́ ara ògiri, kí ayé lè rí i pé ìyá ti jèrè ọmọ. Dàda, àkọ́bí yín, ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òkú yín. Wọ́n yìn ín títí, orí rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí wọ́n ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn ní ilé kejì ṣì ń rìn kiri, wọ́n ń ṣa èso igi òrí, wọ́n ń pọn omi díẹ̀díẹ̀. Dàda yín ni kò mọ ibi tí àṣà dúró. Ó gba ọkọ́ tán, ó gba apẹ̀rẹ̀, ó gba ìkòkò omi, ó gba ìgbálẹ̀ pàápàá. Bí Ìyá bá fọwọ́ kan ọlọ, ìyàwó Dàda á ti sáré dé. Bí ó bá fẹ́ yà sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ á dì í mú lọ́tùn-ún lósì bí ẹni gbé ẹyin. Òjò lọ, òjò bọ̀, abẹ́ igi ọ̀dán ló wà lórí ẹní, ó ń jẹ oyè ìjókòó.

Mo bímọ, Bàbá. Ọkùnrin ni. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà Manigri wa níbí sí Bassila kò jẹ́ nǹkankan fún Ìyá rí. Á gbé iṣu rù, á dé ilé ọkọ mi, á máa fi èdè Anii tí kò gbọ́ dáadáa bá àwọn ìyá ọkọ mi ṣàwàdà. Òun ni mò ń retí kí ó wá wẹ ọmọ fún mi. Kò wá. Ni mo bá pọn ọmọ, mo wá a wá sílé.

Mo gbé ọmọ fún un. Bí àwọn àgbà ṣe ń wẹ ọmọ, wọn á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, wọn á tẹ́ ọmọ lé e. Orúnkún Ìyá kò nà. Ó tì í, ó tún un tì, ọmọ ń yọ̀ bọ́. Ló bá gbé e padà fún mi, ó ní omi ti tutù jù. Omi kò tutù, Bàbá. Ooru ṣì ń rú lára rẹ̀.

Mo lọ bá Dàda, mo ní kí ó jẹ́ kí Ìyá máa rìn, kí ó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní:

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé mò ń fi ìyá mi ṣe ẹrú ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á sọ pé ẹ fi ìjókòó pa á.”

“Ìwé Àjàṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.”

Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ rán mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ìyá ìjọ Àgùdà fi kọ́ mi ní ìwé dé ibi tí ọmọbìnrin ilẹ̀ wa kì í sábà dé. Gbogbo ìwé náà kò gbà mí lọ́wọ́ Dàda. Ta ló tilẹ̀ sọ pé ìwé ni? Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti rí i. Nígbà ayé yín, irun yín ti funfun tán, ẹ kì í jẹun àárọ̀ láìtíì rìn yí oko po. Ẹ ṣì ń kọ ebè, kékeré kékeré, ẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí àna yín ní Doguè. Kí ẹ tó dìde lórí ẹní, ẹ máa ń fọwọ́ ra orúnkún yín, ọ̀tún kí ó tó kan òsì, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun. Ní ayé ogun, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ni wọ́n kó lẹ́rú lọ. Àwọn Faransé wá dé, wọ́n ní ogun ti parí. Ṣé abẹ́ igi ọ̀dán wa ló wá yẹ kí ẹsẹ̀ kú sí?

Ní àná, Dàda wà lóko. Mo sọ ọkọ́ yẹn kalẹ̀, mo fi èèkù rẹ̀ sí Ìyá lọ́wọ́ kí ó fi tilẹ̀. Ó dìde. Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó rìn dé ìdí igi òrí ẹ̀yìnkùlé, ó fọwọ́ pa èèpo rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín bí ẹ bá ti oko dé tí ẹrẹ̀ wà ní irùngbọ̀n yín. Ibẹ̀ ni aládùúgbò wa kan gbà kọjá.

“Hẹ̀n, Ìyá Dàda! Ọmọ ti dá yín padà sóko ni?”

Ọ̀pá ni mo rò pé mo fún un. Ọkọ́ ni ayé rí. Ìyá jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó ní kí n pe àwọn ọmọ wá gbé òun. Mo bínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jágbe mọ́ ọn. Ó ní, “Jẹ́ n jókòó, ọmọ mi. Bí mo bá rìn, ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n á máa sọ.”

Dàda ti gbọ́, ó ti gbé ọkọ́ náà kọ́ ibi tí ọwọ́ mi kò tó.

Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ọ̀rọ̀ yín ń wọ̀ ọ́ létí. Ní òwúrọ̀, kí ó tó lọ sóko, ó ń da omi tútù sójú oórì yín nínú yàrá, á sì tẹ́tí bí ẹni ń retí èsì. Kí lẹ máa ń sọ fún un? Kí ló dé tí ẹ kò tíì sọ èyí? Lọ́la n ó jókòó tì í níbẹ̀, n ó ka lẹ́tà yìí sókè. Ẹ̀yin àti òun kò mọ̀wé. Ẹ̀yin méjèèjì ni n ó kà á fún.

Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ padà wá, pé iwájú orí yín ni ọmọ mi gbé wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ yìí láti ẹ̀yìn mi, ẹkún nìkan lẹ sì fi ń dáhùn. Kò tó, Bàbá. Ọkọ mi ń retí mi ní Bassila, orúnkún Ìyá kò sì ní dúró dè wá.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ máa ń fà létí títí yóò fi rẹ́rìn-ín. Mo ṣì fẹ́ràn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì.