Orúkọ Pọ̀, Ẹ̀jẹ̀ Ò Sí

                                                  Ojúlé 31, Yoruba Road,
                                                  Sabon Gari,
                                                  Kano.
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Adébísí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó rìn? Ìyá wa àgbà ńkọ́? Ṣé ọyẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ yín? Tiwa níbí ti ń bẹ́ ètè. Ara mi le, a dúpẹ́.

Mi ò ní tàn ọ́: inú ń bí mi, àbúrò rẹ Adéfẹ́mi ló sì bí mi nínú. Ìwọ nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ.

O mọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ nínú ìjọ wa. Ẹni tó bá wọlé, mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ìlà kan nínú fáìlì. Adéfẹ́mi ni akọ̀wé, nítorí náà mo kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ àṣẹ ìwárí sórí kòmpútà láti wá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ O+: grep -F 'O+'. Orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni mo ṣe é kó máa gbé jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà rí irú ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Mo ní kó fọkàn sí F yẹn. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé: ohun tí mo kọ gẹ́lẹ́ ni kí o wá, má fi ọgbọ́n tìrẹ kún un.

Àbúrò rẹ yọ F, ó fi E sí i! Ó ní orúkọ tí F ń kó wá kò tó gbé síwájú àwọn alàgbà, àti pé òun kà á níbì kan pé E lágbára jù. Òótọ́ ni, ó lágbára. Ṣùgbọ́n bí E bá ti wà níbẹ̀, àmì ìròpọ̀ kì í ṣe àmì lásán mọ́, àṣẹ ni: “O ńlá, ó kéré tán ẹyọ kan.” Ìlà yòówù tí O ńlá bá wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ á gbé wá. Adébísí, Yorùbá ni wá! Gbogbo Olú inú ìjọ ló tò jáde, ìbáà ṣe A ni ẹ̀jẹ̀ wọn, ìbáà ṣe B. Adéfẹ́mi dìde, ó ní ẹ̀jẹ̀ O+ kún ọwọ́ wa bí omi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Tiwaladé ìyàwó Caleb bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. O+ ni tirẹ̀. Ó ti tán nílé ìwòsàn, wọ́n ní ká wá èèyàn wá kíákíá. Adéfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí ẹ̀rọ kó fún un, kò tilẹ̀ sọ irú ẹ̀jẹ̀ tí à ń wá: “Ẹ máa bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni!” Olúfúnlọ́lá tó ń se oúnjẹ tà pa iná ìdí ìkòkò, ó gun kẹ̀kẹ́ a daidaita wá láti Gwagwarwa nígbà tí àwọn tó ń ti Jímọ̀ bọ̀ kún títì. Olúwabùkúnmi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní Tarauni. Charity, nọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀jẹ̀, yẹ ti àkọ́kọ́ wò: “Aunty, na A you be o.” Ó yẹ ti èkejì wò: “Haba! This one na B. Una dey play?” Caleb jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Matilda tó ń ta aṣọ ní iwájú ilé ìwòsàn yẹn gan-an, O+ ni. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ọ̀wọ́ àwọn Olú, wọn ò tíì pè é dé ibẹ̀. Ìgbà tí mo dé, tí mo dá F padà, ni mo rí i. Ó sáré sọdá títì. Tiwaladé yè, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ rèé.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Adéfẹ́mi dìde. Ó ní, “Àwọn kan purọ́ ẹ̀jẹ̀ fún wa. Kòmpútà kì í purọ́.”

Olúfúnlọ́lá fò dìde: “Bùrọ́dà, A ni mo kọ sílẹ̀! Ẹ pè mí, mo sáré wá, ẹ wá ń pè mí ní òpùrọ́?”

Adéfẹ́mi ní, “Màmá oníráìsì, ẹ jókòó o jàre.”

Mo gbé ẹ̀rọ síta, mo tẹ àṣẹ méjèèjì lójú gbogbo ayé, mo ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín: “Sista Kẹ́mi, nítorí F àti E lẹ ṣe ń gbóná báyìí?” Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, òun kò tilẹ̀ kúnlẹ̀ rárá.

Mi ò bínú pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀, màá kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀. Àmọ́ ẹni tó ti mọ̀ wàyí, tó tún ń gbé ẹ̀bi ara rẹ̀ ka orí obìnrin tó sáré wá gbani là, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ? Olúfúnlọ́lá ti ní ká yọ orúkọ òun. Olúwabùkúnmi náà. Matilda pàápàá ní bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nìyí, ká má pe òun mọ́.

Pè é, Adébísí. Ní kó dìde níwájú ìjọ kan náà lọ́jọ́ Àìkú, kó dárúkọ wọn, kó sì tọrọ àforíjì. Ooreọ̀fẹ́ ọmọ rẹ tó lọ́kọ síbí yóò bímọ lóṣù tó ń bọ̀, nílé ìwòsàn kan náà. O+ ni tirẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo wá àwọn ẹlẹ́jẹ̀ O+ nínú fáìlì, pẹ̀lú F. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò kún ọwọ́ kan, méjì nínú wọn ò sì gbé fóònù mọ́. Ta ni kí n pè?

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Ìyá àgbà. Má sọ èyí fún Ooreọ̀fẹ́. Kò yẹ kí àyà aboyún máa já.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,

Kẹ́misọ́lá.