Irin Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Àrá

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà
Àrá tún ti bà á jẹ́. Àbúrò mi ni – èmi ni mo sọ ọ́ ní Àrá, torí kò sí ibi tó máa wọ̀ tí kò ní pariwo. Wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ eré ìje rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì ràbàtà sí i, agbára ẹgbẹ̀ta ẹṣin, ó ń fi ṣe fọ́ńté káàkiri. Àmọ́ irin ẹ̀yìn tó ń yí táyà? Èyí tó bá ọkọ̀ dé láyé ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń tì, táyà di ilẹ̀ mú ṣinṣin, irin tó wà láàárín ló jìyà ẹ̀.

Mo tú u. Ọ̀pá tó lọ sí táyà ọ̀tún ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún. Eyín jíà ti rún sínú epo. Òórùn epo jíjóná yẹn! Mo fọṣẹ fọwọ́ títí, kò lọ. Mi ò lè jẹun.

Ìṣẹ́gun, 4
Ìdíje ti sún mọ́lé, Àrá ò jẹ́ ká sinmi. Mo sọ fún un pé irin ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ló lè gba irú agbára yìí. Ọ̀pá rẹ̀ nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. A máa gé e kúrú kó lè wọ abẹ́ ọkọ̀, a máa pààrọ̀ bíréèkì. Ó wúwo, ó burẹ́wà, kò ní kán.

Ó yọ ṣùtì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa ru àpò sìmẹ́ńtì sáré ni?"

Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi o! Èmi àti ẹ̀ la jọ ni ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

Ọjọ́rú, 5
Eyín-Góòlù dé, ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù. Ó gbé irin ẹ̀yìn kan wá, ó ń rọra fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ. "Màdáàmù, ara ọkọ̀ eré ni wọ́n ti yọ ọ́. Kò tíì jìyà rí."

Mo gbé e sínú oòrùn. Ojú wẹ́dì rèé, gbọọrọ, lẹ́bàá ibi tí ọ̀pá ti wọnú ilé jíà. Ó ti ya rí, ẹnì kan ló fi iná lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo ní kó gbé ìdọ̀tí ẹ̀ kúrò níwájú mi. Ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín, itọ́ funfun ní igun ẹnu. Ó rí mi lára.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo rí irin ọkọ̀ akẹ́rù tó dáa. Jíà rẹ̀ ń dán gbinrin. Inú mi dùn díẹ̀ – díẹ̀ ni o.

Ẹtì, 7
Ibà dá Màmá dùbúlẹ̀. Mò ń lọ tọ́jú wọn. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí Bàbá Ìbejì máa gé irin náà.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo padà dé. Ara Màmá ti yá.

Irin ti wà lábẹ́ ọkọ̀ Àrá, ọ̀dà dúdú, ó ń kọ mọ̀nà. "Iṣẹ́ ti parí," ni Bàbá Ìbejì wí. Ó ti yá jù. Mo bojú wo abẹ́ tábìlì: irin ọkọ̀ akẹ́rù mi wà níbẹ̀, gbọọrọ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì mi ṣì wà lára ẹ̀.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo fi irin ṣóńṣó họ ọ̀dà náà. Ojú wẹ́dì. Ti Eyín-Góòlù ni.

Mo bì. Mi ò sọ àsọdùn – ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo sá lọ, mo bì.

Mo bi Bàbá Ìbejì pé ta ló kùn ún. Ó tẹjú mọ́ bàtà ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, àbúrò rẹ ló rà á, ó bẹ̀ mí kí n fi ọ̀dà bò ó. Ó ní tí o bá rí ojú wẹ́dì yẹn, o ò ní jẹ́ kóun sáré."

Nígbà oúnjẹ, ọ̀dà dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń bu oúnjẹ. Mo gbé àwo mi jáde.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo tú u sílẹ̀ láàárọ̀. Mo fi ẹ̀rọ ìgérin gé e sí méjì, kí Eyín-Góòlù má baà rí i tà fún ọmọ ẹlòmíì.

Bí mo ṣe ń gé e lọ́wọ́ ni Àrá wọlé, òun àti ìyàwó rẹ̀, ìyàwó wa. Akoto ìdíje tuntun lórí ìyàwó. Wọ́n gba awakọ̀ láàyè láti gbé ẹnì kan ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje, ìyàwó ti ń fi yangàn fún gbogbo àdúgbò.

Àrá fi igbe ta. "Kí lẹ ṣe yìí? Mo mọ̀ pé wọ́n wẹ́dì ẹ̀! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ fi sáré!"

Ìyàwó wa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń béèrè omi lọ. "O mọ̀?"

Àrá dákẹ́. Àrá! Ó dákẹ́.

"O mọ̀, o wá ní kí n jókòó tì ẹ́?"

Ó ṣí akoto, ó rọra gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bá mi lọ sílé.

Ọjọ́rú, 12
Ìyàwó wa ò sunkún. Ó kàn ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ẹtì, 14
Àrá padà wá, ojú ẹ̀ ti wọnú. Ó ní ká fi ti ọkọ̀ akẹ́rù sí i. Èmi àti Bàbá Ìbejì ṣe é. "Ẹ gbé e." "Mú un wá." Ọ̀rọ̀ tó kọjá láàárín wa ò jùyẹn lọ. Èmi ni mo wẹ́dì. Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀dà.

Àrá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyàwó mi."

Mo ní irin ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Àrá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa títí oòrùn fi mú. Ìyàwó wa ò jáde.

Àbámẹ́ta, 22
Ìdíje. Àrá ṣí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, táyà ké, ọkọ̀ fò bí ọfà. Mo di etí mú, mò ń retí gbàù. Kò sí. Irin yẹn gbé gbogbo ẹṣin náà láìmì. Àwọn èèyàn ń pariwo. Ó wa ọkọ̀ wá dúró sẹ́bàá mi, ó yọ orí jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò mì rárá! Ẹ rí i?"

Ó wá ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ẹnì kan.

Mo sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ lánàá, kò sì sọ ìgbà tó máa padà. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn. Kò rántí pa á.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ sílé, Bàbá Ìbejì ṣílẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ wa fún mi. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí.