Ihò Méjì Lára Jígí

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ojú rẹ méjèèjì sì ń ríran dáadáa. Ẹyọ kan tó kù fún mi ń gbìyànjú. Òun ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà bí ìlà bá wọ́, fara mọ́ ọn.

Ìròyìn tí mo ní kò dára, àmọ́ n kò tíì ní sọ ọ́. Jẹ́ kí àyà rẹ kọ́kọ́ já díẹ̀, tèmi náà já.

Ṣé o rántí jígí ìbòjú àkọ́kọ́ tí o ṣe fún mi? Èmi ni mo ráhùn sí ọ létí pé eruku àti kòkòrò ń kó sí mi lójú lórí alùpùpù, pé atẹ́gùn máa ń gba jígí oòrùn ojú pópó lọ. O jókòó sí yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá wa, o ń fi okùn wọn orí mi bí ẹni fẹ́ rán fìlà. Ike tó nípọn lo fi ṣe é. O fi fóòmù yí etí rẹ̀ ká, o gé àyè tóóró sínú fóòmù náà kí atẹ́gùn lè máa wọlé, kí ooru ojú má baà bo jígí, o sì fi rọ́bà so ó mọ́ ẹ̀yìn orí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lò ó. Òkúta tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù ta sí mi lójú kàn ha á lára ni. Inú mi dùn sí ọ lọ́jọ́ yẹn kọjá àfẹnusọ.

O wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ta jígí fún àwa ọlọ́kadà. O gba jígí mi, o gbé e kọ́ sára ògiri, o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Òkúta bà á, kò fọ́." O fún mi ní tuntun tó ń dán. Gígé fóòmù ń fi àkókò rẹ ṣòfò, lo bá lu ihò sára jígí fúnra rẹ̀, ọ̀kan ní igun ọ̀tún, ọ̀kan ní igun òsì. Lọ́sẹ̀ kejì mo fi ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun hàn ọ́, láti ẹnu ihò. O fi ẹ̀wù nù ún. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà lásán ni. Ẹ ti ń dàgbà, gbogbo nǹkan ló ń bà yín lẹ́rù." Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìyá mi ló ṣe é, kí ni mo fẹ́ fura sí?

Òkúta tó wá bà mí lójú kò tó ẹ̀wà. Láti ibi ihò yẹn ni jígí ti pín sí méjì, tó wọ inú ojú mi. Nígbà tí o dé ilé ìwòsàn, jígí tó wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo kọ́kọ́ wò kí o tó wò mí. Mo rí ọ. Lẹ́yìn náà lo kúnlẹ̀. O ní, "Ẹ dákun, ẹ ní ẹ ti ṣí i sókè kí òkúta tó bà yín. Ẹ bò mí láṣìírí." O búra pé o ò ní lu ihò mọ́, pé wàá gba gbogbo èyí tó wà níta padà.

Mo bò ọ́ láṣìírí. Pẹ̀lú báńdéèjì lójú, mo dúró ní gáréèjì níwájú gbogbo ọlọ́kadà ẹgbẹ́ mi, mo ní mo ti ṣí jígí sókè, àìbìkítà mi ni. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má bọ́ tiẹ̀. Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí a sọ bẹ́ẹ̀ nítorí kì í sáré, bá mi wí títí.

Ìròyìn náà nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ lọ sílé ìwòsàn. Ojú méjèèjì ni. Mo yẹ jígí rẹ̀ wò: ihò méjì, oṣù yìí ló sì rà á lọ́wọ́ rẹ. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "N kò bọ́ ọ o. Bí o ṣe wí ni mo ṣe."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa kò tó oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ẹtì, a ó pàdé ní gáréèjì. Irọ́ tèmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́, lẹ́yìn náà n ó sọ ti ihò tìrẹ. Bí o bá fẹ́ wá, mo fi àga sílẹ̀ fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí o bá fẹ́ sá, tètè sá.

Kí Ọlọ́run dá ojú rẹ méjèèjì sí. Kí ó máa ríran títí di ọjọ́ ogbó, kí o lè máa rí wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: já jígí mi àtijọ́ lára ògiri, kí o fi ránṣẹ́. Ojú kan ṣì kù tí mo fẹ́ bò.