Irin Ìdí Ìbọn Mi Tí Ọkọ Ọmọ Rẹ Gbé Lọ

                                        Abúlé Crooked Slough,
                                        Etí Odò Yukon,
                                        Alaska.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù Ògún, ọdún 2011.

Àbúrò mi Bertha,

Ṣé ara rẹ le? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Harold ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Lorraine ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ? Mo kí gbogbo yín. Mi ò kí Bradley ọkọ Lorraine. Bó o bá fẹ́, ka ìlà yẹn sókè kó gbọ́. Ní tèmi, ara mi le koko. Ẹja ti gbẹ, mo ti kó o wọlé, eyín mẹ́fà tó kù lẹ́nu mi kò sì tíì mì.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Èmi fúnra mi ni mo kà á. Ó gbà mí ní ọ̀sán méjì, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ọmọbìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ bá mi kà á, torí mo ti fura pé ìwọ̀sí ló wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀sí náà ni mo sì bá níbẹ̀. Ìwé kẹta ni mo wà tí ìyá wa fi ní kí n kúrò ní ilé ìwé wá máa la ẹja. Ẹja yẹn ni wọ́n fi rán ìwọ lọ síwájú. O kàwé, o kàwé, kò sí ibì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í mú ohun àgbà láìtọrọ?

Irin mi ni mo fẹ́. Kí n ti tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí Lorraine àti ọkọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, mo mú ìbọn mi láti fi epo pa á. Mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, òfìfo! Irin tí à ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé ti lọ. Ìbọn tí kò ní irin yẹn, igi ìdáná ni. Èso igbó sì ti ń pọ́n. Ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí ni mo máa ń lọ ká a lórí òkè tí ìyá wa ń pàgọ́ sí, ìrìn ọjọ́ méjì lórí omi. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí ènìyàn, bí o pariwo, ohùn ara rẹ ni yóò dá ọ lóhùn. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń lọ, kò sì sí ọdún kan tí ìbọn kò sí lórí itan mi.

Ìwọ wá kọ̀wé pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, irin tí Bradley yọ wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbọn sílẹ̀. Ẹ lo ata inú agolo bíi ti gbogbo èèyàn, tàbí kí ẹ má lọ mọ́. Díẹ̀ ló kù kí ẹ pa Bradley." Bradley ló rò ó fún ọ. Ó dáa, gbọ́ tèmi, torí ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé ibùdó tí mo ti ń sá ẹja lóṣù tó kọjá, ìbọn ni ọkọ ọmọ rẹ kọ́kọ́ rí kó tó kí mi.

Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi ìbọn ṣe ní ibi tó rẹwà báyìí?"

Mo ní, "Mo fẹ́ fi ro tíì ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa agolo pupa kan yọ nínú àpò. "Ata ni, Àǹtí. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹranko sọ pé ó dáa ju ìbọn lọ. Bí béárì bá dé, ẹ kàn fín in sí i lójú, ó parí."

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ yẹn, kì í ṣe tèmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, orúkọ ẹran yẹn kò tíì ti ẹnu mi jáde, kò sì jáde lẹ́nu tìrẹ náà kó o tó di ará Anchorage. Obìnrin ilé wa kì í pè é. Ó ń gbọ́, ó sì ń mú un sínú. "Bàbá" la máa ń wí. Lorraine mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi yára fọwọ́ bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Ó ní, "Bradley, má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú Àǹtí."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Kí ló dé? Ṣé ó ní tẹlifóònù ni, tó fi máa gbọ́?"

Mo padà sídìí ẹja mi. Lorraine kò sọ fún un ohun tí à ń pe ẹran náà dípò orúkọ rẹ̀, èmi náà kò sì sọ. Mo rò ó pé a kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀gbẹ́ni. Ó gbé agolo pupa rẹ̀, ó fín in yí àgọ́ wọn ká, ó fín in sára bàtà, ó fín in sára okùn àgọ́, bí ẹni ń fín oògùn ẹ̀fọn, títí agolo fi ṣófo. Afẹ́fẹ́ sì gbé e padà wá bá gbogbo wa. A wúkọ́, a sunkún, ajá mi bẹ́ sódò. Wilfred tó ń gbé òdìkejì odò ló ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ lásìkò náà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Wilfred, Bàbá sì ni tọmọdé tàgbà ń pe òun náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí ọkọ̀ mú.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ti fi ata sí ọbẹ̀ ara rẹ. Ojú ni ata yẹn ti ń lé wọn. Bó bá ti gbẹ sórí nǹkan, òórùn rẹ̀ ní ń pè wọ́n wá jẹun."

Bradley rò pé eré ni. Ó fẹ́ràn Wilfred ṣá, ó ní bàbá náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wilfred yá a ní ẹ̀wù rẹ̀ kan tó nípọn, tó dúdú bí èèpo igi, nítorí ẹ̀fọn, ó sì ṣèlérí pé òun máa gbé bẹntiróò wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ọjọ́ kẹta náà pé. Mo wà létí omi, mò ń la ẹja, ìbọn mi wà lórí ìtì igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ajá dìde, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Mo wòkè, mo rí i tó jáde láti inú igbó wẹ́wẹ́, ó lọ tààrà síbi tí mo sá ẹja sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wọn gan-an. Mo gbé ìbọn, mo fi gbogbo ohùn mi kígbe, "Lorraine! Bàbá ti dé! Bàbá ti dé o!"

Lorraine gbọ́, ó mọ ẹni tó dé. Ó dojú bolẹ̀ nínú àgọ́, ó nawọ́ kó di ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò bá a. Ọkọ rẹ̀ ti jáde, ife kọfí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ mà tètè dé lónìí o! Kọfí yín rèé!"

Bertha, ẹran náà dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. Àárín wọn kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan kò sá, èkejì kò sá. Mo yìn ín. Ọta gba ẹ̀gbẹ́ etí Bradley kọjá, igi tí mo fi sá ẹja ṣẹ́, ẹran náà sì bẹ́ wọgbó tòun ti ẹja mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni, ó ti jókòó sínú kọfí tó dà sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ fẹ́ pa mí! Àǹtí, ẹ fẹ́ pa mí!"

Mo ní, "Bí mo bá fẹ́ pa ọ́, wàá ti kú."

"Ẹ ní Bàbá ti dé! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ!"

"Ṣé Bàbá náà kọ́ lo rí yẹn?"

Lorraine ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Bí Wilfred ṣe dé ní wákàtí kan lẹ́yìn náà nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó fún un ní kọfí. A ròyìn fún un. Ó wo ibi tí mo dúró sí, ó wo ibi tí igi ti ṣẹ́. Ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Selina, èwo nínú àwọn méjèèjì lo yìn ín sí?" Mo ní èyí tí kò mú ife lọ́wọ́ ni. Mo ní kó sọ bẹntiróò rẹ̀ kalẹ̀ kó máa lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ta ló fi ata pe ẹran wá? Ta ló fi agolo ṣòfò? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá lẹ̀ ń pa. Ẹ wá lọ tú ìbọn ìyá arúgbó lẹ́yìn bí olè. Ìwọ náà wá jókòó sílé onílẹ̀kùn mẹ́ta ní Anchorage, ò ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sùn nínú igbó. Ṣé o ti gbàgbé ọdún tó o pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí bàbá wa gbé ìbọn kan ṣoṣo tá a ní lọ sí ọdẹ, tó fi wá sílẹ̀ lórí òkè? Ẹran náà yí àgọ́ wa po láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Ta ló jókòó sẹ́nu àgọ́ tó ń fi ṣíbí lu ìkòkò? Abẹ́ ẹ̀wù mi lo wà, o tọ̀ sí mi lára. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé mi ò ní sùn nínú igbó mọ́ láìsí ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òwò kọ́ ni mo fi ìbọn ṣe, mi ò sì fi ṣe fáàrí. Ẹni tí kò gbọ́ èémí ẹran yẹn lẹ́yìn aṣọ àgọ́ rí ló ń sọ pé agolo tó.

Ibi tí mo parí lẹ́tà yìí sí lánàá nìyẹn. Mo ti lẹ àpòòwé, mo tún fi ọ̀bẹ là á láàárọ̀ yìí.

Ohun tó fà á nìyí. Mo fọ ẹ̀wù òtútù mi àti àpò ẹja ńlá, mo sá àwọn méjèèjì sórí igi níta. Mo jókòó sórí ìtì igi létí omi, mo wòkè, mi ò mọ èwo ni ẹ̀wù, èwo ni àpò. Mo nu ojú mi, mo tún wò. Dúdú méjì ló wà níbẹ̀. Mo dìde, mo rìn dé ìdí wọn, mo fọwọ́ kàn wọ́n, kí n tó mọ̀.

Bertha, dúdú méjì ni mo rí lọ́jọ́ yẹn náà. Wọ́n dúró, wọ́n ga dọ́gba. Ẹ̀wù Wilfred wà lọ́rùn ọmọ yẹn, kò yàtọ̀ sí irun ẹran. Irọ́ ni mo pa fún Wilfred. Mi ò rí ife kankan. Mo kàn na ìbọn sí ọ̀kan nínú wọn, mo yìn ín, Ọlọ́run ló ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu Harold, ìwọ ni mo máa bá jà.

Má rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ o. Olè ṣì lẹ jà mí. Ọ̀rọ̀ mi kò sì yí padà: ẹni tó bá máa sùn lórí òkè yẹn gbọ́dọ̀ ní ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e gbọ́dọ̀ rí ohun tó ń wò. Nítorí náà, fi irin yẹn lé Lorraine lọ́wọ́, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò sọ fún un rí. Òun ni yóò gbé e. Èmi á máa wa ọkọ̀, odò kò ṣeé ṣì mú. Bí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ tẹ̀ lé e, mi ò lé e, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tó ń jẹ́ Bàbá kó tó kúrò nílé.

Bí Lorraine kò bá lè wá, má fi irin náà ránṣẹ́. Fi í pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ. Kí èso rà sórí igi lọ́dún yìí.

Bá mi kí Harold, kó máa mu omi gbígbóná. Kí àwọn tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan, bí wọ́n bá ṣì ń rántí mi. Wilfred ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún Bradley pé òun ṣì ń retí kọfí òun.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì dárí jì yín,

Selina Moses.