Kaptéènì tí Mo Sin Sábẹ́ Igi Kajú Ń Bọ̀ ní Sinimá

Ṣábẹ̀ẹ́, ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn òjò

Ọmọ mi Ìmọ́lẹ̀ayọ̀,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi òjò Kútọnu kò gbé yín lọ? Kí Ọlọ́run tí ó fi òkè olókùúta yí Ṣábẹ̀ẹ́ ká fi àánú rẹ̀ yí ọ ká bẹ́ẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣe já sí kòtò, àmín. Rántí kòtò yẹn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ìyá rẹ Hélène ń kí ọ. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ó sì jẹ káàdì ìdìbò mi, n kò mọ ẹni tí yóò dìbò fún báyìí.

Pọ́táàbù mi, fóònù tí mo fi ń pè ọ́, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kò gbóhùn jáde mọ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ tí a ti sọ láti ọdún mẹ́fà wá ti kún inú rẹ̀, ni mo bá gbé e lọ bá Fadel, ọmọ Falilatou aládùúgbò wa, tí ó ń tún pọ́táàbù ṣe nísinsìnyí, kí ó bá mi da díẹ̀ nù. Fadel ní ọ̀rọ̀ kọ́ ló kún un, iyanrìn ni. Bí ó ti ń gbọn iyanrìn náà, ó ní òyìnbó ti ń sọ àwọn ayò orí tẹlifísọ̀n di sinimá báyìí, wọ́n ń sọ òmíràn di eré alápá púpọ̀, ti ogun, ti ìje mọ́tò, ọ̀kan kò tíì dé tí wọ́n fi ń kéde òmíràn. Ó na pọ́táàbù tirẹ̀ sí mi, ó ní Bàbá, ẹ wo èyí, ayò tí èmi àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ máa ń ta ni.

Kaptéènì Bolo, akọni inú ayò yín, ni mo rí, pẹ̀lú fìlà irin rẹ̀ àti àtùpà rẹ̀, lẹ́nu ihò. Ó ti kúrò ní àwòrán kíkùn, ó ti di ẹlẹ́ran-ara, ó ti hu irùngbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ó ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo wo apá òsì rẹ̀, mo rí àpá gbọọrọ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Mo jókòó lórí bátírì mọ́tò kan.

Ọmọ mi, èmi ni mo ṣá a.

O rántí ẹ̀rọ ayò tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ rà fún ọ nígbà tí o jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ó pòórá, mo ní olè ló gbé e. Kò sí olè kankan. Mo máa ń wo ìwọ àti Fadel láti ojú fèrèsé. Kaptéènì á já sí kòtò, á kú, ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín, á tún dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo kà á, ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún kí ìyá rẹ tó gún iyán tán. Ìgbà tí mo gbọ́ tí o ń kígbe pé Kaptéènì, má lọ, padà wá, orí mi wú. Èmi tí mo ka ìwé dé ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, tí mo ń kọ́ ọmọ ní katikísíìmù, mo ní àbíkú rèé, yàrá ọmọ mi ló sì wọ̀. Mo ṣe ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe sí òkú àbíkú, mo sàmì sí i kí ó má padà, bí ó bá sì padà kí a dá a mọ̀. Mo fi ọ̀bẹ ṣá manẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èyí tí ẹ máa ń dì mú tí ẹ ń tẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo bísíkíìtì ńlá, mo sin ín sábẹ́ igi kajú. Mo tilẹ̀ gbàdúrà lé e lórí.

Kí n má purọ́ mọ́. Ipò kejìlélógún ni o gbà ní kíláàsì lọ́dún náà, ojú sì ń ti èmi olùkọ́. Kaptéènì kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Èyí tí ó burú jù ni pé nígbà tí àdúgbò nàka olè sí Fadel, mo dákẹ́. Wọ́n nà án, wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Kaboua, ìwọ náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ kan ni mo sin, mo sì gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ rẹ mọ́ ọn.

Mo jẹ́wọ́ fún Fadel lórí bátírì yẹn. Ó ní títí di òní, ìyá òun máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá bí òun bá wá kí i. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé e, ó ní Bàbá, ẹ bá kúkú ṣá èmi náà lápá kí ẹ sin mí mọ́ ọn. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Falilatou. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó dákẹ́ nígbà náà ni kó lọ ké e ní ọjà. Mo ké e. Àwọn kan rò pé kajú ni mò ń polówó, wọ́n bi mí ní iye.

A wú agolo náà. Èèrà ti fi ẹ̀rọ ṣe ààfin. Ìyá rẹ ní ká ní bí mo ṣe fi ọkàn sin ẹ̀rọ ni mo ṣe ń fi ọkàn gbin iṣu, àká wa ì bá ti kún títí yóò fi wó. Fadel ní ẹ̀rọ náà ti kú, kò lè jí mọ́. Mo ní ohun tí èmi náà sọ nípa Kaptéènì nìyẹn.

Tọ́ládé ọ̀rẹ́ mi ní àdúgbò Boni gbọ́, ó ní bí wọ́n bá ń fi ayò ṣe sinimá, kí wọ́n wá fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe é. Mo ní èmi ni olórí eré, ṣebí mo pa á ní ìgbà méje láìsinmi. Ó ní òun kò ní bá wọn ṣe é àfi bí òun bá máa pa mí nínú sinimá. A ti ń jà lórí rẹ̀ láti Ọjọ́rú.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú gan-an ni èyí. Fadel ní ihò kẹsàn-án nínú ayò náà ni o dé nígbà tí mo sin ín. Dájúdájú ibi tí o ti dúró ni sinimá yóò ti bẹ̀rẹ̀, láti ihò kẹwàá, kò sì ní sí ẹni tí ó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ àfi ìwọ. Ta ni yóò ṣàlàyé fún mi? Mo bi Fadel bóyá wọn yóò fún òǹwòran kọ̀ọ̀kan ní manẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ó ní rárá, a kàn máa ń wò ni. Bí kòtò bá wá dé, ta ni yóò bá a fò?

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o fi ti Fadel kún un, àti owó ìwọlé fún ẹni mẹ́ta. Mo mọ̀ pé bàbá ló yẹ kó san, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì mi dà bíi sinimá, wọ́n ń kéde pé ó ń bọ̀ ni. Fi í sórí nọ́ńbà Fadel, kí ó má bá iyanrìn lọ nínú tèmi. Ìwọ àti Fadel ni kí ẹ jókòó pọ̀ bí ti àtijọ́. Èmi á wà lẹ́yìn yín, bí ẹni tó wà lójú fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni ní Kútọnu bá sì mọ ọkùnrin tó ń ṣe Kaptéènì, kí ó bá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí apá rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti wálé kẹ́yìn. O máa ń ní iṣẹ́ pọ̀, n kò sì bi ọ́ léèrè ìdí tí o kò fi wá, nítorí mo rò pé o ti mọ̀ tipẹ́ ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà.

Kí Ọlọ́run máa gbé ọ dìde nínú gbogbo kòtò, ju ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún lọ. Kí ọjọ́ rẹ gùn, kí ilé rẹ má ṣófo. Kaptéènì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣá, tí mo bo erùpẹ̀ lé, ti gbà láti padà wá. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìlọ̀rí